Piltdown, abúlé tí wọ́n ti hú baba ńlá ayédèrú: ìbéèrè àti ìdáhùn

Ọ̀pọ̀ nínú wa ló kọ́kọ́ gbọ́ orúkọ Piltdown lẹ́nu tíṣà báọ́lọ́jì tàbí lẹ́nu oníwàásù. Ohun tí wọn kì í sábà sọ fún wa ni pé ọ̀rọ̀ náà kan Áfíríkà gbọ̀ngbọ̀n. Irọ́ tí ẹnì kan sin sínú kòtò ní abúlé Gẹ̀ẹ́sì kan ló jẹ́ kí wọ́n kọ òtítọ́ tí wọ́n wú jáde ní ilẹ̀ wa fún ohun tó lé ní ogún ọdún. Torí ìyẹn ni mo ṣe kó àwọn ìbéèrè yìí jọ, tí mo sì dáhùn wọn bí wọ́n ṣe yé mi.

Níbo gan-an ni Piltdown wà?

Gúúsù ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni, ní East Sussex, lẹ́bàá ìlú kékeré kan tó ń jẹ́ Uckfield. Piltdown kì í ṣe ìlú rárá. Àwọn ilé tó fọ́n káàkiri àárín pápá àti igbó ni, púpọ̀ nínú wọn sì wà lábẹ́ Fletching. Adágún omi kan wà níbẹ̀, pápá gọ́ọ̀fù wà níbẹ̀, títì A272 sì gba ibẹ̀ kọjá. Oko ńlá kan wà tí wọ́n ń pè ní Barkham Manor. Ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà tó wọ inú oko yìí ni kòtò tí gbogbo ọ̀rọ̀ yìí dá lé wà. Kòtò náà kò tó ohun tí ẹnikẹ́ni ń pè ní kòtò ńlá. Àwọn lébìrà ló ń wa òkúta wẹ́wẹ́ nínú rẹ̀ láti fi tún ọ̀nà ṣe.

Kí ni wọ́n ní àwọn rí nínú kòtò yẹn?

Ní ọjọ́ 18 oṣù Kejìlá ọdún 1912, àwọn ọkùnrin méjì dìde níwájú ẹgbẹ́ àwọn onímọ̀ nípa ilẹ̀ àti òkúta, ìyẹn Geological Society, ní Burlington House ní Lọ́ńdọ̀nù. Ọ̀kan ni Charles Dawson, lọ́yà kan láti Uckfield. Ìkejì ni Arthur Smith Woodward, ọ̀gá ẹ̀ka tó ń rí sí ohun àtayébáyé inú ilẹ̀ ní ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ńlá tó wà ní South Kensington. Wọ́n kó àfọ́kù agbárí kan jáde, ó nípọn, ó sì jọ ti èèyàn. Wọ́n mú ìdajì egungun àgbọ̀n ìsàlẹ̀ kan jáde, òun jọ ti ìnàkí, eyín méjì sì ṣì wà lára rẹ̀. Eyín erin àti eyín erínmi wà níbẹ̀, àti àwọn òkúta tí wọ́n ní ọwọ́ èèyàn ló gbẹ́ wọn.

Wọ́n ní ẹ̀dá kan ṣoṣo ló ni agbárí àti àgbọ̀n yẹn, pé ẹ̀dá náà wà láàárín ìnàkí àti èèyàn, pé ó sì ti gbé ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní nǹkan bí 500,000 ọdún sẹ́yìn. Woodward sọ ọ́ ní Eoanthropus dawsoni, ó fi orúkọ ọ̀rẹ́ rẹ̀ dá a lọ́lá. Àwọn ìwé ìròyìn gbé e káyé.

Ta ni Charles Dawson yìí?

Wọ́n bí i ní 1864. Iṣẹ́ lọ́yà ló ń ṣe ní Uckfield, ó sì ń gbé ní Lewes. Kò kàwé gboyè nínú ìmọ̀ ilẹ̀ tàbí ìmọ̀ egungun, ṣùgbọ́n láti ọmọdé ló ti ń kó ohun àtijọ́ jọ, ó sì mọ̀ ọ́n ṣe. Ó ti ta ilé ìṣẹ̀ǹbáyé lọ́rẹ ọ̀pọ̀ egungun ẹranko tó ti di òkúta, wọ́n tilẹ̀ ti fi orúkọ rẹ̀ sọ ẹranko kan kí ọ̀rọ̀ Piltdown tó dé rárá. Àwọn ẹgbẹ́ ọ̀mọ̀wé méjì tó lórúkọ ní Lọ́ńdọ̀nù ló gbà á wọlé. Òun náà ni alábòójútó tó ń bá Barkham Manor rí sí ọ̀rọ̀ ilẹ̀, nítorí náà kò sẹ́ni tó máa bi í pé kí ló ń wá níbẹ̀.

Èèyàn dáadáa ni gbogbo ayé mọ̀ ọ́n sí. Ó níwà pẹ̀lẹ́, ó lẹ́nu ọ̀rọ̀, ó máa ń ṣe àlejò. Kókó pàtàkì ni mo ka èyí sí, nítorí bí a bá ń retí kí oníjìbìtì wá pẹ̀lú ojú burúkú, a kò ní í rí i mú láéláé.

Báwo ló ṣe sọ pé òun rí egungun náà?

Ìtàn rẹ̀ ni pé òun ń kọjá lọ lọ́jọ́ kan, òun rí àwọn lébìrà tó ń wa òkúta, òun sì bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n máa ṣọ́ra bí wọ́n bá rí egungun. Ó ní ní 1908, ọ̀kan nínú wọn fún òun ní àfọ́kù kan. Ìtàn tó tàn kálẹ̀ lẹ́yìn náà ni pé àwọn lébìrà rò pé àgbọn ni, pé wọ́n ti fọ́ ọ kí Dawson tó dé. Ọjọ́ 14 oṣù Kejì 1912 ló kọ̀wé sí Woodward. Nígbà tí ẹ̀ẹ̀rùn ilẹ̀ wọn dé, àwọn méjèèjì bẹ̀rẹ̀ sí í wa ilẹ̀ ní òpin ọ̀sẹ̀. Ẹnì kan wà pẹ̀lú wọn tó ń jẹ́ Venus Hargreaves, òun ni lébìrà tó ń bá wọn fi ọkọ́ àti ṣọ́bìrì ṣe iṣẹ́ agbára. Àlùfáà ìjọ Àgùdà kan láti Faransé, Pierre Teilhard de Chardin, tó ń kẹ́kọ̀ọ́ nítòsí Hastings nígbà náà, máa ń yọjú sí wọn. Nínú fọ́tò wọn tó lókìkí jù, pẹ́pẹ́yẹ ńlá ọlọ́rùn gígùn kan dúró sí àárín wọn bí ẹni pé òun náà wà lẹ́nu iṣẹ́.

Ẹ wá wo bí ilẹ̀ yẹn ṣe ń ṣe. Ní oṣù Kẹfà 1912 ni àgbọ̀n jáde, ìṣojú Woodward ni Dawson fi ọwọ́ ara rẹ̀ wú u. Àwọn èèyàn ní ó dáa, ṣùgbọ́n eyín ṣónṣó ẹ̀gbẹ́ ẹnu kò sí níbẹ̀, òun ni ì bá sì fi hàn bóyá ìnàkí ni àbí èèyàn. Woodward fi ọwọ́ ya irú eyín tó yẹ kó jẹ́. Ní ọjọ́ 30 oṣù Kẹjọ 1913, Teilhard rí eyín kan nínú òkúta tí wọ́n ti wa jáde, ó sì bá èyí tí Woodward yà mu rẹ́gí. Ní 1914, wọ́n rí egungun erin kan tí wọ́n gbẹ́ bí igi tí wọ́n fi ń gbá kíríkẹ́ẹ̀tì. Nígbà tí àwọn alátakò ṣì ń sọ pé ó lè jẹ́ èèṣì ni àgbọ̀n ìnàkí àti agbárí èèyàn fi bá ara wọn nínú kòtò kan, Dawson kọ̀wé ní 1915 pé òun ti rí ẹlẹ́ẹ̀kejì níbòmíì tí kò jìnnà síbẹ̀. Kò sọ ibi náà fún ẹnikẹ́ni pàtó títí ó fi kú ní oṣù Kẹjọ 1916.

Ohunkóhun tí àwọn onímọ̀ bá ti ní ó kù ni ilẹ̀ ń bí fún wọn. Lẹ́yìn tí Dawson sì kú, ilẹ̀ kò bí nǹkan kan mọ́. Woodward fẹ̀yìn tì, ó kó wá sí Sussex, ó sì ń wa ilẹ̀ náà fún ọ̀pọ̀ ọdún láìrí ohun kan tó jọjú. Àánú ọkùnrin yẹn máa ń ṣe mí. Ó kú ní 1944, ó ṣì gbà á gbọ́.

Àwọn ọ̀mọ̀wé ni wọ́n. Kí ló dé tí wọ́n fi gbà á?

Ìdí pọ̀, ṣùgbọ́n àwọn méjì ló tóbi jù.

Àkọ́kọ́ ni ìgbéraga orílẹ̀-èdè. Ní 1907, àwọn ará Jámánì rí egungun àgbọ̀n àtayébáyé kan ní Mauer, lẹ́bàá Heidelberg. Faransé ní egungun àti àwòrán inú ihò àpáta lóríṣiríṣi. Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tó ń ṣàkóso ìdá mẹ́rin ayé nígbà náà, kò ní nǹkan kan láti fi han ẹnikẹ́ni. Nígbà tí Dawson wá dé pẹ̀lú ẹni àkọ́kọ́ tó jẹ́ ọmọ Gẹ̀ẹ́sì, ta ló fẹ́ kọ̀ ọ́?

Ìkejì ni èrò kan tó ti wà lọ́kàn wọn tẹ́lẹ̀, pé ọpọlọ ló kọ́kọ́ tóbi kí ara ìyókù tó yí padà. Lójú wọn, làákàyè ló sọ èèyàn di èèyàn, nítorí náà baba ńlá wa gbọ́dọ̀ ní orí ńlá bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹnu rẹ̀ ṣì dà bíi ti ìnàkí. Ohun tí ẹni tó ṣe ayédèrú náà sì gbé wá fún wọn nìyẹn gẹ́lẹ́. Grafton Elliot Smith, ọ̀gá àgbà nínú ìmọ̀ ọpọlọ, fọwọ́ sí i. Arthur Keith, ọ̀gá mìíràn, bá Woodward jiyàn gan-an: Woodward ní ọpọlọ náà tó 1,070 sẹ̀ǹtímítà kúbíìkì, Keith ní ó tó 1,500. Wọ́n ń jà lórí bí orí ṣe tóbi tó, wọn kò sì bi ara wọn bóyá orí náà àti àgbọ̀n náà jọ jẹ́ ti ẹnì kan.

Ẹ jẹ́ kí n fi ìkẹta kún un. Wọn kì í jẹ́ kí àwọn èèyàn fọwọ́ kan egungun náà fúnra rẹ̀. Louis Leakey, onímọ̀ egungun àtayébáyé tí wọ́n bí ní Kẹ́ńyà, sọ pé nígbà tí òun lọ, wọ́n kàn fi egungun náà han òun fún ìgbà díẹ̀ ni, wọ́n gbé e padà, wọ́n sì kó èyí tí wọ́n fi ẹfun rọ fún òun láti yẹ̀ wò. Ẹfun kò lè fi àmì fáìlì tàbí ọ̀dà hàn bó ṣe yẹ.

Ṣé kò sẹ́ni tó fura ni?

Wọ́n fura. Ní 1913, David Waterston ti King's College ní Lọ́ńdọ̀nù kọ̀wé pé àgbọ̀n ìnàkí ni, agbárí èèyàn sì ni, wọn kò jọ ní ara kan. Gerrit Miller ní Amẹ́ríkà sọ bẹ́ẹ̀ ní 1915, Marcellin Boule ní Faransé náà sọ ọ́. Franz Weidenreich, ará Jámánì, ní agbárí èèyàn òde òní àti àgbọ̀n orangutan, irú ìnàkí kan láti Éṣíà, ni. Kò ṣìnà rárá. Ṣùgbọ́n ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má sí ẹni tó lanu sọ ọ́ síta pé ẹnì kan ló mọ̀ọ́mọ̀ kó wọn sibẹ̀, èkejì tí wọ́n sọ pé wọ́n rí sì pa ọ̀pọ̀ lẹ́nu mọ́.

Báwo ló ṣe wá kan Áfíríkà?

Ibí ni ọ̀rọ̀ wà fún mi.

Ní 1924, ní ibi tí wọ́n ti ń fọ́ òkúta ẹfun ní Taung, ní Gúúsù Áfíríkà, wọ́n kó àwọn òkúta kan tí egungun wà nínú wọn ránṣẹ́ sí Raymond Dart, ọ̀jọ̀gbọ́n ọ̀dọ́ kan ní Yunifásítì Witwatersrand ní Johannesburg. Dart rí i pé ojú ẹ̀dá kan há sínú òkúta. Kò ní irinṣẹ́ gidi. Abẹ́rẹ́ tí ìyàwó rẹ̀ fi ń hun aṣọ ló pọ́n lẹ́nu, òun ló fi ń ha òkúta náà kúrò díẹ̀díẹ̀. Ní ọjọ́ 23 oṣù Kejìlá, bí Kérésì ṣe ku ọjọ́ méjì, òkúta là, ojú ọmọdé kan sì yọ. Eyín ọmọdé ṣì wà lẹ́nu rẹ̀.

Ọpọlọ ọmọ yìí kéré, ó súnmọ́ ti ìnàkí. Ṣùgbọ́n eyín ẹ̀gbẹ́ ẹnu rẹ̀ kéré bíi ti èèyàn, ihò tí ọ̀pá ẹ̀yìn gbà wọ agbárí sì wà nísàlẹ̀ orí, kò sí lẹ́yìn orí bíi ti ẹranko tó ń fi ẹsẹ̀ mẹ́rin rìn. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé ó ń dúró lórí ẹsẹ̀ méjì. Dart kọ ọ́ jáde ní oṣù Kejì 1925, ó pè é ní Australopithecus africanus, ó sì sọ pé Áfíríkà ni orírun èèyàn. Charles Darwin fúnra rẹ̀ ti kọ ọ́ ní 1871 pé ó ṣeé ṣe kó jẹ́ Áfíríkà ni àwọn baba ńlá wa ti gbé.

Kí ni wọ́n ṣe fún un ní Lọ́ńdọ̀nù? Wọ́n ní ìnàkí kékeré kan ni. Keith ní ìran gorilla àti chimpanzee ni kí wọ́n kà á mọ́. Ẹ wo ìdí rẹ̀: Piltdown ní ọpọlọ ńlá àti ẹnu ìnàkí, ọmọ Taung ní ọpọlọ kékeré àti eyín èèyàn. Àwọn méjèèjì kò lè jẹ́ òtítọ́ pọ̀. Ọ̀kan ti wà nínú àpótí ní South Kensington, ó ní orúkọ, ó ní àwọn àgbà lẹ́yìn. Èkejì wá láti Áfíríkà, lọ́wọ́ ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó jìnnà sí wọn. N kò ní í sọ pé Piltdown nìkan ló fà á. Ẹ̀mí àìka Áfíríkà sí wà níbẹ̀, ọ̀pọ̀ nínú wọn gbà pé Éṣíà tàbí Yúróòpù ni ìran èèyàn ti gbọ́dọ̀ bẹ̀rẹ̀, bẹ́ẹ̀ sì ni pé agbárí ọmọdé ṣòro láti fi ṣèdájọ́ àgbà. Ṣùgbọ́n Piltdown ló fún ẹ̀mí yẹn ní ẹ̀rí tó lè dì mú.

Dart gbé agbárí náà lọ sí Lọ́ńdọ̀nù ní 1931, wọn kò fi bẹ́ẹ̀ dá a lóhùn. Robert Broom, onímọ̀ egungun àtayébáyé, ló wá ràn án lọ́wọ́: láti 1936 ló ti ń wú egungun àwọn àgbàlagbà irú ẹ̀dá yìí ní Sterkfontein, ní 1947 ó rí agbárí tó fẹ́rẹ̀ẹ́ pé pérépéré. Lọ́dún yẹn ni Keith, tó ti darúgbó, kọ̀wé síta pé Dart ló tọ̀nà, òun ló ṣìnà. Mo bọ̀wọ̀ fún un nítorí ìyẹn. Síbẹ̀, ọdún méjìlélógún ti kọjá.

Báwo ni àṣírí ṣe tú?

Yorùbá ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ á bá a. Ti Piltdown lọ fún ọdún mọ́kànlélógójì.

Kenneth Oakley, onímọ̀ kan ní ilé ìṣẹ̀ǹbáyé South Kensington, ló kọ́kọ́ ṣílẹ̀kùn. Egungun tó bá wà nínú ilẹ̀ máa ń fa èròjà kan tó ń jẹ́ fluorine mu láti inú omi ilẹ̀, bó bá ṣe pẹ́ tó ni tirẹ̀ á ṣe pọ̀ tó. Ní 1949, Oakley yẹ egungun Piltdown wò, ó rí i pé fluorine inú rẹ̀ kéré jọjọ. Kò lè ju 50,000 ọdún lọ. Èyí kò bá ọgbọ́n mu mọ́: ẹ̀dá tó wà láàárín ìnàkí àti èèyàn, báwo ló ṣe wà láyé ní àná yìí?

Ní oṣù Keje 1953, àwọn onímọ̀ pé jọ ní Lọ́ńdọ̀nù. Nídìí oúnjẹ alẹ́, Oakley mẹ́nu bà á pé kò sẹ́ni tó mọ ibi pàtó tí Dawson ti rí ẹlẹ́ẹ̀kejì. Joseph Weiner, onímọ̀ nípa ara èèyàn ní Oxford, wà níbẹ̀. Ó wakọ̀ padà sí Oxford lóru, ṣùgbọ́n oorun kò kùn ún. Ó rò ó síwá sẹ́yìn, ó rí i pé ọ̀nà kan ṣoṣo ló kù: wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é ni. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ó wá eyín chimpanzee, ó fi fáìlì ha á, ó pa á láró, ó sì jọ ti Piltdown débi tí ẹ̀rù fi bà á. Ó lọ bá ọ̀gá rẹ̀, Wilfrid Le Gros Clark. Àwọn méjèèjì àti Oakley gbé egungun náà kalẹ̀, wọ́n sì tú u palẹ̀. Ọjọ́ 21 oṣù Kọkànlá 1953 ni wọ́n kéde rẹ̀ fún aráyé. Ní ilé aṣòfin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, àwọn kan tilẹ̀ dábàá pé kí ilé bu ẹnu àtẹ́ lu àwọn alámòójútó ilé ìṣẹ̀ǹbáyé nítorí pé wọ́n pẹ́ kí wọ́n tó rí i.

Ohun tó dùn mọ́ mi jù ni pé Pretoria ni wọ́n ti bí Weiner, Witwatersrand ló sì ti kàwé, yunifásítì tí Dart ti ń kọ́ni. Ọmọ Áfíríkà ló tú u fó.

Irú ọgbọ́n wo ni ẹni tó ṣe é lò?

Agbárí náà jẹ́ ti èèyàn bíi tèmi tìrẹ. Àyẹ̀wò kábọ́nù tí wọ́n ṣe ní 1959 fi hàn pé kò ju bí 600 ọdún lọ. Àgbọ̀n jẹ́ ti orangutan. Níbi tí àgbọ̀n ìnàkí ti ń so mọ́ agbárí, ẹni náà ti dá a kúrò, nítorí ojú ibẹ̀ nìkan ni ì bá ti tú u fó lọ́jọ́ kìíní.

Eyín ìnàkí ga, ó sì ní gọ́ńgọ́, ti èèyàn máa ń tẹ́ pẹrẹsẹ nítorí jíjẹ. Nítorí náà ó mú fáìlì, ó fi ha orí eyín méjèèjì tẹ́jú. Lábẹ́ máíkíróskóòpù, ipa fáìlì náà hàn kedere, ó dábùú ara wọn. Eyín méjì tó wà nítòsí ara wọn ní ẹnu kan náà máa ń jẹ ní ìtẹ́jú kan náà, ti Piltdown kọ ẹ̀yìn síra wọn. Ó fi irin àti èròjà chromium pa egungun láró kí ó lè ní àwọ̀ pupa rẹ́súrẹ́sú bí òkúta ibẹ̀, bí wọ́n sì ṣe gbẹ́ ẹ wọ inú díẹ̀, funfun ni. Nígbà tí wọ́n fi irin ìlu gbẹ́ àgbọ̀n, òórùn tó jáde dà bí ìgbà tí ìwo ẹran bá ń jóná, bẹ́ẹ̀ egungun tó ti di òkúta kì í rùn bẹ́ẹ̀. Eyín ṣónṣó tí Teilhard rí, ọ̀dà ayàwòrán ni wọ́n fi kùn ún. Eyín erin kan níbẹ̀, ó jọ pé Tùnísíà ni wọ́n ti gbé e wá.

Ní 2016, Isabelle De Groote àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ láti Liverpool tún wọn yẹ̀ wò pẹ̀lú DNA àti ẹ̀rọ ayàwòrán inú ara. Wọ́n rí òkúta tíntìntín tí wọ́n rọ sínú eyín àti egungun kí ó lè wúwo bí ohun àtayébáyé, wọ́n sì fi àtè àwọn oníṣègùn eyín dí ẹnu ihò náà. Orangutan kan ṣoṣo ló ni eyín àti àgbọ̀n tí wọ́n ní àwọn rí níbi méjèèjì.

Ṣé Dawson nìkan ló ṣe é?

Èrò tèmi nìyẹn, òun náà ni èrò àwọn oníwádìí 2016. Ọ̀nà kan ṣoṣo ni wọ́n fi ṣe gbogbo rẹ̀, Dawson nìkan ló sì mọ̀ nípa ibi kejì. Miles Russell ti Yunifásítì Bournemouth yẹ àwọn ohun mìíràn tí Dawson ti kó jọ wò, ó sì ka ó kéré tán 38 tí ó jẹ́ ayédèrú. Bíríkì Róòmù tí ó ní òun rí ní Pevensey wà lára wọn. Piltdown jẹ́ òpin ọ̀nà kan tó ti ń rìn láti ọdún pípẹ́.

Wọ́n ti fura sí àwọn mìíràn. Teilhard, nítorí pé òun ló rí eyín. Martin Hinton, òṣìṣẹ́ ilé ìṣẹ̀ǹbáyé, nítorí àpótí rẹ̀ tí wọ́n rí ní àjà ilé náà ní àwọn ọdún 1970 pẹ̀lú egungun tí wọ́n pa láró. Arthur Conan Doyle, òǹkọ̀wé, nítorí pé Crowborough tó ń gbé kò jìnnà. Wọ́n tilẹ̀ dárúkọ Keith. Kò sí èyí tí ẹ̀rí rẹ̀ dúró bíi ti Dawson.

Àwọn ará abúlé ńkọ́?

Kò sí ẹ̀rí kankan pé wọ́n lọ́wọ́ nínú rẹ̀. Ní 1938, Keith wá ṣí òkúta ìrántí kan ní Barkham Manor. Ilé ọtí tó wà níbẹ̀ yí orúkọ rẹ̀ padà sí ti Ọkùnrin Piltdown, ó sì jẹ́ bẹ́ẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn tí àṣírí tú pàápàá. Ní 1952, ọdún kan péré kí ó tó tú, wọ́n sọ kòtò náà di ibi ìpamọ́ orílẹ̀-èdè. Nígbà tí mo bá gbọ́ tí àwọn kan ń pè é ní abúlé òpùrọ́, ó máa ń dùn mí. Venus Hargreaves fi ṣọ́bìrì ṣiṣẹ́, ó gba owó rẹ̀, ó lọ sílé. Ará Lewes tó wá láti òde ló gbé irọ́ náà wá bá wọn.

Pásítọ̀ wa ní Piltdown fi hàn pé irọ́ ni gbogbo ẹ̀kọ́ nípa ìpilẹ̀ṣẹ̀ ẹ̀dá. Ṣé bẹ́ẹ̀ ni?

Rárá, bó tilẹ̀ jẹ́ pé mo mọ ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti wá. Àwọn onímọ̀ fúnra wọn ló tú u fó. Ìdí tí wọ́n fi tú u fó sì ni pé egungun tòótọ́ ti pọ̀ jù, láti Áfíríkà àti láti Éṣíà, Piltdown kò sì bá ọ̀kankan wọn mu. Lẹ́yìn náà ni wọ́n rí egungun ẹ̀dá àtayébáyé kan tí wọ́n sọ ní Lucy ní Etiópíà ní 1974, ó ti tó 3,200,000 ọdún, orí rẹ̀ kéré, ẹsẹ̀ méjì ló sì fi ń rìn, gẹ́gẹ́ bí Dart ti wí. Ẹni tó bá fẹ́ tako ẹ̀kọ́ náà lè máa tako ó, ṣùgbọ́n kó má fi Piltdown ṣe ẹ̀rí.

Ǹjẹ́ ó kan ilẹ̀ Yorùbá níbì kankan?

Ó kàn án díẹ̀. Ní 1965, Thurstan Shaw, onímọ̀ tó ń wú ohun àtijọ́ inú ilẹ̀, àti àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ wú egungun èèyàn kan jáde ní Ihò Eléérú, lẹ́bàá Ìsàrùn ní ìpínlẹ̀ Oǹdó. Ọjọ́ orí rẹ̀ wà láàárín nǹkan bí 11,000 sí 16,000 ọdún. Ohun ìyanu ni pé agbárí náà gùn, ó sì rẹlẹ̀, ó jọ ti àwọn tó ti gbáyé ṣáájú àkókò yẹn gan-an. Ní 2011, àwọn oníwádìí tó tún un yẹ̀ wò gbé iṣẹ́ wọn jáde, ọ̀mọ̀wé láti Yunifásítì Ìbàdàn wà lára wọn, Chris Stringer ti ilé ìṣẹ̀ǹbáyé Lọ́ńdọ̀nù náà sì wà níbẹ̀. Stringer yìí kan náà wà lára àwọn tó yẹ Piltdown wò ní 2016.

Mo fẹ́ kí àwọn ọmọ wa mọ Ihò Eléérú bí wọ́n ṣe mọ Olúmọ. Iṣẹ́ tí wọ́n ṣe níbẹ̀ ṣí sílẹ̀ fún ẹnikẹ́ni láti yẹ̀ wò: wọ́n kọ bí ilẹ̀ ṣe tò léra, wọ́n kọ ibi tí egungun dùbúlẹ̀ sí. Ohun tí Dawson kò jẹ́ ṣe nìyẹn.

Níbo ni egungun Piltdown wà báyìí? Ṣé a lè lọ wò ó?

Ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ní South Kensington ṣì ń tọ́jú wọn, wọn kò kó wọn dànù, torí àwọn oníwádìí ṣì ń kọ́ ẹ̀kọ́ lára wọn. Barkham Manor jẹ́ ilẹ̀ aládàáni, nítorí náà kì í ṣe ibi tí èèyàn kàn lè rìn wọ̀ láti lọ wo òkúta ìrántí. Ẹni tó bá wà ní Lọ́ńdọ̀nù lè wọ ọkọ̀ ojú irin lọ sí Uckfield, kó sì ti ibẹ̀ dé Piltdown. Pápá, adágún àti ilé mélòó kan ni yóò rí.

Agbárí ọmọ Taung ní tirẹ̀ wà ní Yunifásítì Witwatersrand. Bí owó ọkọ̀ yín kò bá ju ti ibì kan lọ, Johannesburg ni kí ẹ gbà.